Páálí Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Títí di òní yìí, bí mo bá wọ yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, òórùn ẹsẹ̀ ni imú mi máa ń gbọ́. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ń rùn níbẹ̀. Yàrá kan ló ń padà wá bá mi, yàrá kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí gọ́ọ̀mù kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀rá tí wọ́n fi wé ẹ̀rọ láti òkè òkun, àti ìbọ̀sẹ̀ àwọn èèyàn tó ti rin ẹrẹ̀ wá ti para pọ̀ di òórùn kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà méje ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ló dáwó rà wọ́n. Alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó wọn, pírínsípà kan tó ti fẹ̀yìntì, ti ní kí ìyàwó òun gé léèsì funfun bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ẹni bo ojú ìyàwó tuntun. Nínú méjèèje, ẹyọ kan péré ni a so mọ́ wáyà tẹlifóònù, òun nìkan ló lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ Sátidé nìkan ni a sì ń tan jẹnẹrétọ̀ fún un.

Ìwọ náà á rántí ìgbà yẹn. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì kéré, a ṣì ń ṣi orúkọ Oǹdó kọ sórí lẹ́tà. Rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ lókè Ọya, àwọn ọmọ Èkìtì tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún sì ń rọ́ dé sílé nínú ọkọ̀ akẹ́rù, pẹ̀lú aṣọ kan lọ́rùn. Wọ́n bí wọn ní Ìjàn, ní Ìsẹ̀, ní Ìgbàrà-Odò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n ní Gàm̀bàrí nítorí pé Hausa ti wọ inú Yorùbá wọn. Àwọn tí ẹbí wọn kò gbà wọ́n sílé ń sùn nínú kíláàsì méjì tó wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ ń gba owó oṣù díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, síbẹ̀ mo rò pé mo ní ohun kan tí mo lè fún wọn. Mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn fún oṣù mẹ́fà. Mo lọ bá Alága, mo ní mo fẹ́ máa kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè tẹ ìwé ìwáṣẹ́, kí wọ́n sì lè fi íńtánẹ́ẹ̀tì wá àwọn èèyàn wọn tó fọ́n ká. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Orí mi wú, mo rò pé mo dára.

Òfin kan ló wà ní yàrá náà: a kì í wọ bàtà wọlé. Má rẹ́rìn-ín o. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà nígbà yẹn ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní Ìbàdàn sọ fún wa pé eruku ni ọ̀tá ẹ̀rọ, pé inú eruku ni fáírọ́ọ̀sì máa ń gbà wọlé, a sì kọ ọ́ sínú ìwé wa bí ọ̀rọ̀ Bíbélì. Èmi fúnra mi ni mo fi máákà pupa kọ ọ́ sára páálí, BỌ́ BÀTÀ RẸ KÍ O TÓ WỌLÉ, mo fa ìlà méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà lójú gbogbo èèyàn. Alága yìn mí. Ó ní irú ọmọ tí ó mọ iyì nǹkan nìyẹn.

Sátidé àkọ́kọ́, gbogbo wọn bọ́ bàtà, wọ́n wọlé. Àfi ìyá kan. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bàtà kánfáàsì ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ, ó sì so okùn rẹ̀ le dan-in. Ó jókòó sórí ìgbátí fèrèsé lóde. Mo jáde lọ bá a, mo ní, “Màmá, ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ máa bọ̀ nínú ilé.”

Ó wo páálí náà, ó wo mí. Ọmọ Ìsẹ̀ ni, ohùn ìlú rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀, ùta ló ń pe ìta. Ó ní, “Ọmọ mi, ùta yìí tó mi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mi wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Mo fẹ́ rí i.”

Mo ní, “Ẹ bọ́ bàtà, ẹ óò rí i.”

Kò bọ́ ọ. Inú bí mi. Mo rò pé ìgbéraga ni, pé ẹni tí ogun lé wá sílé tún ń ṣe bí ìyàwó ọba. Mo padà wọlé, mo ń kọ́ àwọn yòókù bí a ṣe ń di máòsì mú. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń rí ojú rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ń wo ọwọ́ mi, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń ka lẹ́tà orí kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Sátidé kejì, bákan náà. Sátidé kẹta, òjò rọ̀, ó dúró lábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lórí, mo sì fi ìbínú pa wíńdò dé kí òjò má bàa wọlé bá kọ̀ǹpútà. Mo pa wíńdò mọ́ ọn lójú! Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti ṣe láyé tí mo ti tọrọ àforíjì lé lórí, tí mo sì ti gbàgbé. Wíńdò yẹn kò kúrò níwájú mi.

Sátidé kẹrin ni àwọn àlejò dé láti Adó. Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan ni wọ́n, èèyàn ìjọba, wọ́n mú onífótò dání. Láti aago méje ni Alága ti ní kí n fọ kápẹ́ẹ̀tì, mo kúnlẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ tónítóní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ pupa kún ọgbà. Nígbà tí àwọn àlejò dé ẹnu ọ̀nà, èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn ka páálí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ba láti bọ́ bàtà. Alága fò sókè bí ẹni tí èèrà ta.

“Háà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, sà! Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n sì wọlé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti onífótò, pẹ̀lú bàtà. Alága náà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bàtà aláwọ rẹ̀ tó ń dán gbinrin. Nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé n kò rí ẹsẹ̀ Alága lásán rí nínú yàrá yẹn, láti ọjọ́ kìíní. Mo wo kápẹ́ẹ̀tì tí mo fi orúnkún fọ̀. Ẹrẹ̀ pupa ti fi àmì bàtà sí i láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ keje. Kọ̀ǹpútà kankan kò kú. Fáírọ́ọ̀sì kankan kò fò mọ́ wọn. Iná wọn ń tàn lọ ní tiwọn.

Alága sọ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ó na ọwọ́ sí àwọn tó jókòó, ó ní, “Ẹ wò wọ́n, wọ́n ti ń di ọ̀làjú. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.” Ó sọ ọ́ fún àwọn tí ilé wọn jó! Ọkùnrin kan tó ti ṣe télọ̀ lókè Ọya fún ogún ọdún wà nínú wọn, ó tẹ orí ba, ó ń wo kíbọ́ọ̀dù. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n èmi náà pàtẹ́wọ́, o mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa.

Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ni ìyá oníkánfáàsì ti wọlé. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ti rí lójú fèrèsé, ó sì ti rò pé òfin ti yí padà. Ó rọra tẹ ibi tí bàtà àwọn àlejò ti tẹ̀, gẹ́lẹ́ lórí àmì wọn, kó má bàa dá ẹrẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ó ti dé àárín yàrá kí Alága tó rí i.

“Ìwọ ìyá yìí! O ò lè kàwé ni? Bọ́ bàtà ẹ!”

Ó dúró. Ó wo bàtà Alága. Ó wo ti àwọn àlejò. Ọmọlúwàbí ni. Ó kàn ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, lẹ́tà ọmọ mi ni.”

“Mo ní bọ́ bàtà tàbí kí o jáde!”

Ó ti ń dá mi lójú pé yóò jáde, bó ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn kánfáàsì náà. Ó pẹ́ kó tó tú u, nítorí ó so ó le. Ó yọ ọ̀kan, ó yọ èkejì, ó ṣí àkísà tó fi wé ẹsẹ̀. Mo rí i pé ọmọ ìka mẹ́ta kò sí ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, awọ ẹsẹ̀ méjèèjì sì fà wé ara wọn, ibì kan ṣì pupa nínú rẹ̀. Àlejò obìnrin náà sún sẹ́yìn, ó fi gèlè bo imú. Ẹnìkan lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀, ó ní “ẹ̀tẹ̀.”

Ìyá náà gbọ́ ọ. Ó gbé ojú sókè wo gbogbo wa yíká. “Uná ni o,” ó ní. “Uná ni. Kì í ṣe àrùn.”

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìyókù. Nígbà tí wọ́n dáná sun ilé wọn lọ́hùn-ún, ó sáré gba inú iná jáde. Nígbà tó dé Ìsẹ̀, ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló lọ. Ìyàwó ilé rí ẹsẹ̀ náà níbi tó ti ń wẹ̀, ó ya ife àti abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, kí oṣù tó parí àdúgbò ti ní adẹ́tẹ̀ ló dé láti òkè Ọya. Ìdí tó fi kó kúrò níbẹ̀ wá sínú kíláàsì ní Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn, ìdí tó sì fi ra kánfáàsì nìyẹn, tí kì í bọ́ ọ lójú ẹnikẹ́ni. Ibi kan ṣoṣo tó kù fún un tí wọn kò tíì lé e ni kíláàsì yẹn. Ohun tí èmi fi máákà pupa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó wá sọ ibẹ̀ náà nù.

Alága ṣì ń wo ẹsẹ̀ náà. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Tíṣà, wá nǹkan tẹ́ sílẹ̀ fún un, kí omi ọgbẹ́ má kan kápẹ́ẹ̀tì.”

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo ní, “Bàtà tiyín ńkọ́, sà? Bàtà tiyín ńkọ́?” Mo na ọwọ́ sí ẹrẹ̀ tó wà nílẹ̀. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ọmọ kan kò gbọdọ̀ sọ sí ẹni tó jù baba rẹ̀ lọ, n kò ní tún wọn sọ, ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ pé mo kábàámọ̀ wọn. Mo já páálí náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ya sí méjì. Àwọn àlejò bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Alága sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń ṣàlàyé mi fún wọn bí ẹni ń ṣàlàyé aṣiwèrè tó jẹ́ ẹbí rẹ̀.

Mo di ìyá náà mú lápá, mo gbé e jókòó sídìí ẹ̀rọ tó wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú ọ̀rá láti inú àyà rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé lọ́hùn-ún, ti bá a ṣí àpótí í-meèlì kó tó di pé ìlú dàrú, ó kọ àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ síbẹ̀, ó ní bí ọ̀nà àwọn bá pín, ibẹ̀ ni kí àwọn ti pàdé, kó má sì fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ iná ni wọ́n pínyà. Láti ọjọ́ náà, kò mọ̀ bóyá ọmọ náà wà.

Tẹlifóònù han goorogo, ó pẹ́ kó tó gbà. Nígbà tí àpótí náà ṣí, lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ní, Màmá, mo wà láàyè, mo wà ní Kútọnu, mò ń dúró dè yín. Ìyá náà lu àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ń pe Olúwa. Èkejì ní, Màmá, ṣé ẹ ti rí lẹ́tà mi? Ọ̀gá kan fẹ́ mú wa rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé mò ń retí ìyá mi. Ẹ̀kẹta ni mo kọ́kọ́ fi ojú kà kí n tó kà á sókè fún un. Ó ti kọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní ọkọ̀ àwọn ń gbéra lọ́jọ́bọ̀, ọ̀nà jìn, òun kò mọ ìgbà tí òun yóò tún rí kọ̀ǹpútà. Ó ní, bí n kò bá gbọ́ ohùn yín títí ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé inú ilé lẹ wà nígbà tó jó.

Sátidé ni a wà. Ọjọ́ méjì péré ló fi ṣáájú wa. Mo ka ọjọ́ tó wà lórí àwọn lẹ́tà náà, mo tún un kà. Méjì àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀ ní àwọn Sátidé tí ìyá náà fi jókòó sí ìgbátí fèrèsé. Mo fi ìwàǹwára tẹ èsì, mo fi ránṣẹ́. Èsì kankan kò wá.

Mo yíjú sí i, mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Màmá, èmi ni mo kọ páálí yẹn.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ojú mi ni o ṣe lẹ̀ ẹ́.” Ó wá ń wé àkísà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá mi. Wọ́n ní mo ti dójú ti ìlú, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀, ó ní ìbínú kò dá nǹkan fún èèyàn, sùúrù ni baba ìwà. Mo lọ. Kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé láìsí kọ́kọ́rọ́ yẹn ìyá kan kò ní ibi tí yóò ti máa wo àpótí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Alága, níwájú èèyàn mẹ́jọ, ó jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó ní kí n dìde. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó béèrè orúkọ ìyá náà. Kò sí ẹni tó ní ká lọ bẹ òun náà. Orúnkún mi ṣì ń ta mí nígbà mìíràn, n kò sì rò pé ọjọ́ orí ni.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ padà. Sátidé dé Sátidé, ìyá náà ń wọlé pẹ̀lú kánfáàsì rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a dúró mọ́. Ó ń ṣí àpótí náà, ó ń rí i pé ó ṣófo, ó sì ń jókòó kọ́ títẹ̀. Ìka kan ló fi ń tẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Àwọn yòókù rí iṣẹ́, wọ́n kó lọ. Òun kò lọ.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà kan wọlé, láti orí àdírẹ́sì tí a kò mọ̀. Ọmọ náà ni. Ó ti dé ìlú òyìnbó kan. Ó ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí àpótí òun àtijọ́ lójú ọ̀nà, òun ti ṣí tuntun. Ìdí nìyẹn tí kò fi rí gbogbo èsì tí a ti fi ránṣẹ́. Ó ní, Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ò ní ka lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n kò sí sàréè tí mo lè lọ dúró sí, ibí ni mo ti lè bá yín sọ̀rọ̀. Mo ti ṣe òkú yín. Mo fá orí mi. Àwọn Yorùbá ibí bá mi sè, wọ́n bá mi jẹ, wọ́n gbàdúrà fún yín. Ẹ sùn re.

O mọ ohun tó jẹ́ fún ọmọ láti ṣe òkú ìyá rẹ̀ nígbà tí ìyá ṣì wà láàyè. Ènìyàn kì í fi ìyẹn ṣeré. Ìyá náà kà á parí fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ó ti sin mí,” omi sì gba ojú rẹ̀. Mo sún mọ́ kíbọ́ọ̀dù kí n lè bá a dáhùn. Ó gbé ọwọ́ mi kúrò. Ìka kan ló fi tẹ ẹ́, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ gan-an, mo sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń kà á bí ó ṣe ń jáde:

Mi o ku. Ita ni mo wa.

Mo bi í bóyá kò ní fi nǹkan kún un. Ó ní ó tó.

Èmi ni mo ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan báyìí, kò sí ẹni tí ń bọ́ bàtà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ máa ń ráhùn pé ilẹ̀ ń dọ̀tí, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ìgbálẹ̀. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ńlá ńlá ń sọ lórí rédíò pé àwọn aláìní ti ṣẹ́ kù sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì, inú á tún bí mi bí ti ọjọ́ yẹn. Wọn kò ṣẹ́ kù síbì kankan. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà tipẹ́, àwa la lẹ páálí mọ́ ọn. Ìlàjì páálí ti ìgbà yẹn ṣì wà nínú àpótí mi, BỌ́ BÀTÀ, pẹ̀lú ìlà méjì nísàlẹ̀. Mo máa ń mú un jáde wò nígbà tí inú mi bá fẹ́ dùn jù sí ara mi, ìkọ̀wé ọwọ́ mi ni lóòótọ́.